Láti Orí Àga Ọ̀gá Telifíṣọ̀n sí Iwájú Akẹ́kọ̀ọ́: Fred Friendly àti Ìbéèrè Ẹni Tó Ni Ohùn

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá jókòó láti parí ìjà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara sin sínú rẹ̀ tí a kì í sábà tú wò: ta ló ń pinnu pé kí ẹnìkejì rí àyè sọ tirẹ̀? Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé, baálé ni. Ní ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n ńkọ́, níbi tí ohùn ẹnìkan ti ń dé etí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà? Iṣẹ́ yìí fi ìtàn Fred W. Friendly wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Ará Amẹ́ríkà ni Friendly. Ó jẹ́ ààrẹ ẹ̀ka ìròyìn ilé-iṣẹ́ CBS títí di oṣù Kejì, 1966, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Columbia ní ọdún kan náà.

Àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń pín in sí ọ̀nà méjì: ìgbà tó jẹ́ ọ̀gá, tí iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu, àti ìgbà tó fẹ̀yìn tì sí inú ọgbà ẹ̀kọ́. Ìpín yìí kò tọ́ lójú tiwa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gbé láti ọ́fíìsì dé kíláàsì. Ní CBS, ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni kí n fi han àwọn èèyàn? Ní Columbia, ó yí i padà: ta ló yẹ kó pinnu, ìlànà wo ni yóò sì fi pinnu? Ìyípadà yìí ni kókó iṣẹ́ wa, nítorí pé ó kan ilẹ̀ Yorùbá náà, níbi tí ìtàn telifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan tí wọn kò fún láyè láti fèsì.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ferdinand Friendly Wachenheimer ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ìlú New York ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, 1915, sí ìdílé Júù. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọdé, Providence ní ìpínlẹ̀ Rhode Island sì ni ó dàgbà sí. Ìwé kíkà nira fún un láti kékeré, nítorí pé ó ní àìlera tó máa ń jẹ́ kí lẹ́tà dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ó parí ní Nichols Junior College ní 1936. Ní 1937, ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò WEAN ní Providence, ó sì ń ṣe ètò oníṣẹ́jú márùn-ún lórí ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn pàtàkì. A lè sọ pé etí ni ó fi rí ohun tí ojú kò jẹ́ kó rí nínú ìwé.

Ogun Àgbáyé Kejì gbé e dé ilẹ̀ Éṣíà gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ogun tó ń kọ ìròyìn, tó sì ń dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1945, ó dé àgọ́ ìpànìyàn Mauthausen ní Austria ní kété tí wọ́n tú àwọn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ nípa ohun tó rí. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà bá a nígbà tí a bá dé orí àwọn ìwé tó kọ.

Lẹ́yìn ogun, ó pàdé Edward R. Murrow, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ CBS tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ ohùn rẹ̀ láti London nígbà ogun. Àwọn méjèèjì ṣe àwo kan ní 1948 tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní I Can Hear It Now, tí ó kó ohùn àwọn èèyàn inú ìtàn láti 1933 sí 1945 jọ. Báyìí ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà: Murrow ló ń sọ̀rọ̀, Friendly ló ń ṣà, tó ń gé, tó sì ń tò ó. Ètò See It Now, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí telifíṣọ̀n ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1951, tẹ̀ lé ìlànà yìí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà, wọ́n fi afárá Brooklyn ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti afárá Golden Gate ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ han òǹwòran lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tí kò hàn lójú ló ń pinnu ohun tí ojú yóò rí.

Ẹ̀tọ́ ìfèsì: New York ní 1954, Ìbàdàn ní 1953

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, 1954, See It Now dojú kọ Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy, tó ń fi ẹ̀sùn Kọ́múníìsì kan àwọn èèyàn káàkiri láìní ẹ̀rí tó dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu McCarthy fúnra rẹ̀ ni Murrow àti Friendly fi tú u fó. CBS kò sanwó ìpolówó fún ètò náà. Àwọn méjèèjì fi 1,500 dọ́là láti inú àpò ara wọn polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn New York Times, wọn kò sì fi àmì ilé-iṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n fún McCarthy láyè láti fèsì, ó sì lo àyè náà ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹrin. Nínú èsì rẹ̀, ó kọ lu Murrow, ó pe òun náà ní alábàákẹ́gbẹ́ Kọ́múníìsì. Ọ̀tá ilé-iṣẹ́ náà jókòó ní pápá ilé-iṣẹ́ náà, ó sọ ti ẹnu rẹ̀ tán. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kò gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún kan ṣáájú. Ní oṣù Kẹta, 1953, Anthony Enahoro gbé àbá òmìnira 1956 síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ilé sì dàrú lórí rẹ̀. Gómìnà John Macpherson lọ sí orí rédíò ìjọba, ó di ẹ̀bi rògbòdìyàn náà ru ẹgbẹ́ Action Group. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè fún àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò fún un. Ìkọ̀sílẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu láti ní ohùn tirẹ̀. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Kí ló fa ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtàn méjèèjì? Kì í ṣe pé ọkàn àwọn ọ̀gá CBS mọ́ ju ti gómìnà lọ. Ìlànà kan wà ní Amẹ́ríkà láti 1949, tí a ó pè ní ìlànà àìṣègbè, tó ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn sáfẹ́fẹ́ jẹ́ kí a gbọ́ ìhà kejì pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà ìgbà náà, ẹni tó ń fẹ̀sùn kan èèyàn ló tún ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn náà kàn án. Níbi tí ìlànà kò bá sí, inú rere ẹni tó jókòó sórí àga nìkan ni ẹlẹ́jọ́ kejì ní láti gbẹ́kẹ̀ lé. Ọgbọ́n yìí ni Friendly kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí ní 1954, nítorí pé nígbà náà, orí àga ni òun náà wà.

Àga ń yí èèyàn padà

See It Now kógbá sílé ní 1958, ní àkókò tí ètò ìdíje onírinwó ń pa owó wọlé gọbọi. CBS Reports tẹ̀ lé e ní 1959. Ètò rẹ̀ tó lókìkí jù ni Harvest of Shame, tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, 1960, ọjọ́ kejì àjọ̀dún ìdúpẹ́. Ó fi ìyà àwọn alágbàṣe tó ń kórè oúnjẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ yó hàn. Murrow ló sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ní 1961, ó fi CBS sílẹ̀, ó di olórí àjọ tó ń polongo Amẹ́ríkà fún ayé. Láìpẹ́, BBC fẹ́ fi Harvest of Shame hàn ní Britain, Murrow kan náà sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. BBC kò gbà.

Àwọn kan máa ń fi ojú àbùkù wo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ní tiwa, ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé àga lágbára ju ẹni tó jókòó sórí rẹ̀ lọ. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí Murrow, ta ni kò lè ṣẹlẹ̀ sí?

Friendly di ààrẹ ẹ̀ka ìròyìn CBS ní oṣù Kẹta, 1964. Ní oṣù Kẹjọ, 1965, ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ìròyìn Morley Safer jáde láti abúlé Cam Ne ní Vietnam, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti ń ti iná bọ àwọn ilé abúlé. Ààrẹ Lyndon Johnson bínú gidigidi. Friendly kò yẹsẹ̀. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ìròyìn, ọwọ́ òun ni ó wà.

Ọjọ́ 10, oṣù Kejì, 1966

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Ilé Aṣòfin Àgbà, tí Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright jẹ́ alága rẹ̀, ń ṣe ìwádìí ní gbangba lórí ogun Vietnam. CBS ti gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ ní tààrà. Ní ọjọ́ 10, ó kan George Kennan láti jẹ́rìí. Kennan kì í ṣe ẹni tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ó ti jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow, èrò rẹ̀ sì wà lára ìpìlẹ̀ ìlànà tí Amẹ́ríkà fi ń kojú Soviet. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiyèméjì nípa Vietnam, ó yẹ kí ará ìlú gbọ́.

NBC gbé e sáfẹ́fẹ́. Lórí CBS, eré apanilẹ́rìn-ín I Love Lucy, tí wọ́n ti fi hàn láìmọye ìgbà, ni òǹwòran rí, The Real McCoys sì tẹ̀ lé e. John Schneider, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn ṣe olórí lórí gbogbo iṣẹ́ ìgbéjáde CBS, ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin ilé tó ń wo telifíṣọ̀n lójú ọ̀sán kò bìkítà fún ọ̀rọ̀ Vietnam, àti pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí nílé lákòókò náà. Owó ìpolówó ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń pàdánù sì wà nínú ìṣirò náà. Ní ọjọ́ 15, Friendly kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó pàdánù dáadáa. Kò sí ìjọba tó fòfin dè é. Kò sí sójà tó wọ ilé-iṣẹ́. Wọ́n kàn fi ẹnì kan sáàárín òun àti àwọn olórí pátápátá ni, ẹni náà sì ní ẹ̀tọ́ láti pinnu. Friendly mọ̀ pé bí òun bá dúró, òun yóò máa jókòó sórí àga tí agbára ti fi sílẹ̀. Ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà, Due to Circumstances Beyond Our Control, jáde ní 1967. Nítorí pé ó kọ ọ́, a mọ ẹni tó pinnu, a mọ ìdí tó fi sọ pé òun pinnu bẹ́ẹ̀, a sì mọ iye ọjọ́ tí àríyànjiyàn náà gbà. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn telifíṣọ̀n níbi gbogbo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé

Columbia fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi sọrí Edward R. Murrow, tó ti kú ní oṣù Kẹrin, 1965. Kò kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé. Ohun tó mú wọ ọgbà ni iṣẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Adébáyọ̀ Fálétí, tó ṣiṣẹ́ ní WNTV kó tó bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́, jẹ́ àpẹẹrẹ pé ìmọ̀ ọwọ́ àti ìmọ̀ ìwé lè jọ jókòó sórí ẹní kan.

Ṣùgbọ́n Friendly kò wọ Columbia lọ́wọ́ òfo. Ó tún jẹ́ olùdámọ̀ràn fún Ford Foundation lábẹ́ McGeorge Bundy, títí di 1980. Ní oṣù Kẹjọ, 1966, Ford Foundation gbé àbá kan síwájú ìjọba: kí àjọ kan tí kì í ṣe ti èrè máa darí sátẹ́láìtì tí àwọn ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n yóò máa lò, kí wọ́n sì fi ohun tó bá kù lára owó rẹ̀ bọ́ telifíṣọ̀n ará ìlú. Wọn kò gba àbá náà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó fi epo sí iná àríyànjiyàn tó ti ń lọ. Òfin tó dá ìgbéjáde ará ìlú sílẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá, 1967. Ìdáhùn Friendly sí I Love Lucy ni èyí: bí ọjà bá ti gba àga náà, ẹ jẹ́ kí a kan àga mìíràn tí ọjà kò ní jókòó lé.

Ní 1968, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Kerner ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn ilé ìròyìn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló kún inú wọn, Columbia bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti sọ àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké mìíràn di oníròyìn. Friendly ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Michele Clark, ọ̀kan lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ní 1970, di oníròyìn CBS kí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa á ní Chicago ní oṣù Kejìlá, 1972. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ètò náà. Ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ ni ètò náà ń jẹ, ó sì dópin ní Columbia ní 1974. Ní Berkeley ni àwọn mìíràn ti gbé e dìde padà. Èyí ni àléébù iṣẹ́ Friendly nínú ọgbà. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni; ó ń gbọ́ orí owó Ford pẹ̀lú. Ohun tó bá sì ti ara owó ẹlẹ́yinjú àánú wá, ọwọ́ ẹlẹ́yinjú àánú náà ni okùn rẹ̀ wà.

Ìwé méjì tó dán ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò

Méjì nínú àwọn ìwé tó kọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi ìyípadà tí a ń sọ hàn jù. Àkọ́kọ́, tó jáde ní 1976, dá lórí ẹjọ́ Red Lion. Ní 1964, oníwàásù kan, Billy James Hargis, bú òǹkọ̀wé Fred Cook lórí rédíò kékeré kan ní Red Lion, Pennsylvania. Cook béèrè àyè ìfèsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ilé-ẹjọ́ sì gbè é ní 1969: ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gbọ́ ju ti ẹni tó ni ẹ̀rọ lọ. Ó jọ pé òwe wa ti di òfin. Ṣùgbọ́n Friendly wádìí, ó sì rí i pé ọwọ́ àwọn òṣèlú ẹgbẹ́ Democrat wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń lo ìlànà àìṣègbè láti fi dẹ́rù ba àwọn ilé rédíò tó ń ta kò wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí a fìyà jẹ ti di kùmọ̀ lọ́wọ́ alágbára. Ìjọba Amẹ́ríkà pa ìlànà náà tì ní 1987.

Ìwé kejì, Minnesota Rag, jáde ní 1981. Jay Near, tó jẹ́ akóǹkọ rẹ̀, ń tẹ ìwé ìròyìn Saturday Press ní Minneapolis. Ó ń tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, ó sì tún ń bú àwọn Júù láìdábọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti ìwé ìròyìn náà pa. Ní 1931, pẹ̀lú ìbò adájọ́ 5 sí 4, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ìwé ìròyìn lẹ́nu mọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ọmọ Júù ni Friendly, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí Mauthausen, síbẹ̀ ó lo ọdún ayé rẹ̀ láti fi hàn pé òmìnira gbogbo oníròyìn wà lórí òmìnira ẹni tó kórìíra irú òun. Ní CBS, ó jà kí ẹni tó níyì bíi Kennan lè sọ̀rọ̀. Ní Columbia, ó rí i pé ìlànà tí kò bá lè gba ẹni tí a kò fẹ́, kò lè gba ẹni tí a fẹ́.

Àpérò: ìpinnu gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́

Láti 1974, Friendly bẹ̀rẹ̀ àwọn àpérò tó kó adájọ́, oníròyìn, ọ̀gá ọlọ́pàá, sójà àti olóṣèlú jọ. Ruth, ìyàwó rẹ̀, tó ti jẹ́ olùkọ́, bá a ṣe é. Wọn kì í sọ àsọyé níbẹ̀. Olùdarí yóò pa ìtàn àfiṣàpẹẹrẹ, yóò sì máa fún okùn rẹ̀ le títí tí ẹni tí wọ́n bi kò fi ní ríbi yẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn olùwádìí lítíréṣọ̀ alohùn yóò rántí irú àlọ́ tí apàlọ́ kì í parí, tó máa ń bi àwọn ọmọ pé ta ni wọn yóò dá láre. Friendly gbà pé bí ìpinnu bá ti ro èèyàn lára tó, tí kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn àfi kó ronú, ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Telifíṣọ̀n ará ìlú tó bá wọn dá sílẹ̀ ló gbé àpérò wọ̀nyí jáde: The Constitution: That Delicate Balance ní 1984, Ethics in America ní 1989. Nínú ọ̀kan, wọ́n bi Peter Jennings ti ABC àti Mike Wallace ti CBS pé bí wọ́n bá wà pẹ̀lú ọmọ-ogun ọ̀tá, tí wọ́n sì rí i pé àwọn yẹn fẹ́ ba de ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, ṣé wọn yóò ta àwọn ará ilẹ̀ wọn lólobó? Jennings kọ́kọ́ ní òun yóò ta wọ́n lólobó. Wallace ní iṣẹ́ oníròyìn ni láti ròyìn. Jennings sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀gá sójà kan tó wà níbẹ̀ kò fi ẹ̀gàn tó ní sí wọn pamọ́. Òǹwòran rí bí ìpinnu ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ohun tí CBS ṣe ní kọ̀rọ̀ ní oṣù Kejì, 1966.

Ìgúnlẹ̀

Friendly kú ní New York ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, 1998. Ètò telifíṣọ̀n tó ṣe pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìtàn rẹ̀ ní fún wa ju ètò lọ. Ó fi hàn pé ẹni tó ń wá òdodo lórí afẹ́fẹ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀gá rere nìkan, nítorí pé àga ń yí ọ̀gá padà, wọ́n sì lè gba àga lábẹ́ rẹ̀. Kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ìlànà nìkan, nítorí pé alágbára lè gba ìlànà mú. Àfi kí àwọn tó ń gbọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pinnu, kí wọ́n sì lè béèrè.

WNTV tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ ìfèsì di ti ìjọba àpapọ̀ nígbà tí ìjọba ológun kó gbogbo ilé-iṣẹ́ telifíṣọ̀n sábẹ́ NTA, pẹ̀lú òfin tó jáde ní 1977 tí ọwọ́ rẹ̀ sì padà sẹ́yìn mú 1976. Ohùn tí wọ́n kọ́ ilé fún tún bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jókòó ní Èkó. Iṣẹ́ púpọ̀ ti wà lórí eré, èdè àti orin tó jáde láti ilé-iṣẹ́ náà. Èyí tó yẹ kí àwọn olùwádìí wa tún tẹ́ pẹpẹ rẹ̀ ni ìtàn àwọn ìpinnu: ètò wo ni wọn kò gbé jáde, ta ló ní kí wọ́n má gbé e, kí ni ó sọ pé ó fà á? Àwọn tó wà lórí àga náà ló mọ ìdáhùn, àwọn tó sì fẹ̀yìn tì nínú wọn ń dín kù lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá sọ ọ́ fún ọmọ, bí ọmọ kò bá sì bi wọ́n, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni ìtàn telifíṣọ̀n wa yóò jẹ́.